Ìlú Tí Lúlúwà Fi Ọmọ Rẹ̀ Wọ̀n

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní fi pamọ́. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe èèyàn ńlá. Olùkọ́ ìṣirò ni, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Jábíríyà, níbi tí èmi náà ti kọ́ni fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lúlúwà ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Gálà la máa ń pè é. Bí ẹ bá wọ yàrá àwọn olùkọ́ wa lóṣù karùn-ún, nígbà tí oòrùn Kúwéètì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan èèyàn bí àgbàdo, ẹ ó bá èrò nídìí tábìlì rẹ̀. Abiyamọ ni gbogbo wọn, ìbéèrè kan náà ló sì gbé wọn wá: ìlú wo ni ká kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ?

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá jókòó sílé lóṣù keje gbọ́dọ̀ ní àlàyé. Gbogbo èèyàn ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọmọ kéékèèké kò lè kàn gbéra bẹ́ẹ̀, nítorí ìlú tó dùn fún àgbà lè di ẹ̀wọ̀n fún ọmọ ọdún méjì, bó bá sì di ẹ̀wọ̀n fún un, ìyá rẹ̀ náà ti wọ ẹ̀wọ̀n nìyẹn.

Lúlúwà ní ìwé kan, aláwọ̀ ewé, tí etí rẹ̀ ti wú nítorí tíì tó dà sí i ní Fíẹ́nà. Gbogbo ìlú tó ti dé ló ní ojú ewé mẹ́rin mẹ́rin nínú rẹ̀. Kò kọ ààfin ọba síbẹ̀, kò kọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Ohun tó ń kọ ni pé láti ẹnu ọ̀nà ilé tí a sùn sí dé ìdí jáńgílófà, ìṣísẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta mélòó ni? Ǹjẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ gba ẹnu lífítì? Adágún omi wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ṣe ọgbà yí i ká? Ta ló ń ta ìrẹsì funfun lásán fún ọmọ tí kì í fẹnu kan nǹkan mìíràn? Lẹ́yìn náà ló máa kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìlú tí kò bá ní omi nílé ìgbọ̀nsẹ̀, tó jẹ́ bébà gbígbẹ ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo, ìlà pupa ló ń fà sí i.

"Ábílà," bí a ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin nìyẹn, "ṣé Lọ́ńdọ̀nù dára?" Olùkọ́ kékeré kan ló bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ọmọ mélòó lo ní?"

"Méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọdún méjì, èkejì oṣù mẹ́jọ."

"Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó máa ń gbé ọmọ?"

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. "Fóònù ló máa ń gbé."

"Má lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn á já ọ nígbáròkó. Lọ síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ rẹ láti òní lọ, oṣù méjì ṣì kù."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, kò ní wo ojú rẹ, ìwé rẹ̀ ló máa wò. Mo ti bá a lọ sí Báráínì rí, ọjọ́ mẹ́ta péré, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ló gbé wa lọ. Bí a ṣe wọ òtẹ́ẹ̀lì, Ábílà Lúlúwà fi orúnkún kúnlẹ̀ láàárín ilé, pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ojú tì mí. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ìyá Yúsúfù," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, "ibi tí ojú ọmọdé wà nìyí. Ẹ wo etí tábìlì yẹn, bó ṣe mú."

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá ọmọ kó tó bí Gálà. Gálà ti pé ọdún márùn-ún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò sì ju mẹ́wàá lọ. Bí ariwo bá pọ̀, á fi ọwọ́ bo etí, á sùn sílẹ̀, á sì máa ké títí ohun tó ń dà á láàmú á fi kúrò lára rẹ̀. Àwọn dókítà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Lúlúwà kì í lo orúkọ náà. "Ariwo ni ọmọ mi kórìíra," ohun tó máa ń sọ nìyẹn, á sì parí síbẹ̀.

Ọmọbìnrin mẹ́ta ni ìyá Lúlúwà bí. Dàlálì ni àkọ́bí, ọmọ mẹ́ta ló bí. Lúlúwà ló tẹ̀ lé e. Àǹfálì ni àbíkẹ́yìn, òun ló bí ìbejì. Lọ́dọọdún ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń gbé ìyá wọn àti àwọn ọmọ wọn, wọ́n á lọ sí ìlú tí Lúlúwà bá yàn. Ẹ lè rò pé nítorí ìgbádùn ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kan tó gbé mi délé nínú ọkọ̀ rẹ̀, tí Gálà ń sùn lẹ́yìn wa.

"Ìyá Yúsúfù," ó ní, "mo ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Gálà ò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Ọjọ́ tí mo bá kú, ta ni yóò mọ̀ pé ariwo ló ń bà á lẹ́rù, pé kì í ṣe wèrè? Àwọn ọmọ Dàlálì àti ti Àǹfálì náà ni. Bí wọn ò bá bá a ṣeré ní kékeré, wọn ò ní mọ̀ ọ́n lágbà. Nílé, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan la máa ń ríra, fóònù ló sì máa ń wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ọjọ́ mẹ́wàá inú ìrìn àjò yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní."

Mo kàn ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó dàgbà lójú rẹ̀. Ó ní àmín, ó sì fi kún un pé, "Lọ́dún tó bá tẹ̀ lé ìfẹ̀yìntì yín, ẹ̀yin náà á bá wa lọ. Mo ti ní yàrá yín lọ́kàn."

Ní ọdún tó ṣáájú, Ìsítáńbúùlù ni wọ́n lọ. Nínú ilé oúnjẹ kan tí orin ti ń dún, Gálà sùn sílẹ̀, ó ké títí gbogbo ilé fi ń wò wọ́n. Ọkọ Dàlálì, tó bá wọn lọ lọ́dún yẹn, kó àwọn ọmọ tirẹ̀ jáde lọ jẹun níbòmíràn. Nínú ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n wọ̀ bọ̀, Dàlálì kò bá Lúlúwà sọ ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ. Lúlúwà rò pé ó ti tán níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: "Ilé oúnjẹ olórin, rárá. Ká máa dáná fúnra wa."

Nítorí náà, láti inú ààwẹ̀ ló ti ń wá ìlú ti ọdún yìí. Sàràyéfò ló mú, ìlú kan tó tutù láàárín òkè ní òkèèrè. Ó rí ilé kan níbẹ̀ tó ní koríko àti géètì, tí kò jìnnà sí ibi tí omi ti ń sun jáde lábẹ́ òkè, tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi. Ẹṣin wà lára ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí Gálà lè sọ. Ìgbà mẹ́ta ni Lúlúwà pe obìnrin tó ni ilé náà.

"Ajá ilé kejì yẹn ńkọ́? Ṣé ó máa ń gbó?"

"Màdáámù, ó ti darúgbó. Kò lágbára àtigbó mọ́."

Lúlúwà kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú mi: "Ajá: arúgbó." Mo fi í rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi. Inú rẹ̀ dùn lásìkò yẹn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí oṣù karùn-ún ni Dàlálì pè é. Ó ní ọdún yìí kò ní ṣeé ṣe. Orúnkún ń dun Màámá, ìyá wọn, ọkọ òun ò rí ìsinmi gbà níbi iṣẹ́, Àǹfálì sì ń kọ́lé lọ́wọ́. Ó ní Màámá á wá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé etí òkun tí òun ní ní Kíránì. Ó ní kí Lúlúwà má mẹ́nu kan ìrìn àjò níwájú Màámá, kí inú rẹ̀ má bàa bà jẹ́. Lúlúwà ní ṣé kí òun àti Gálà náà wá síbẹ̀. Dàlálì ní àwọn òṣìṣẹ́ ń lu ògiri níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. "Ariwo á pa ọmọ yẹn, àbúrò mi. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí."

Lọ́jọ́ kejì, Lúlúwà gbé ìwé aláwọ̀ ewé náà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ dọdún tó ń bọ̀. Bí mo bá ń rí i nílé, àyà mi á máa dùn mí." Mo gbé e sínú àpótí aṣọ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi ìwé náà lé lọ́wọ́ láyé yìí, èmi ni.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Dàlálì fi wá sílé mi, pẹ̀lú òróró ìpara àti àwo adùn kan. Ó jókòó, ó mu tíì, ó kí mi kú ìfẹ̀yìntì. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ mi.

"Ìyá Yúsúfù, ẹ bá mi pa àṣírí kan mọ́."

"Bí kì í bá ṣe olè jíjà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Lúlúwà ni. A purọ́ fún un. A fẹ́ yà á lẹ́nu ni! Lọ́dọọdún, òun ló ń ṣe wàhálà gbogbo wa, òun ló ń wá ilé, òun ló ń wá awakọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ ṣètò gbogbo rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, kí a kàn lọ gbé òun àti ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di pápákọ̀ òfurufú! Ṣùgbọ́n a ò mọ nǹkan kan. Nọ́ńbà onílé, orúkọ awakọ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ yín ló wà."

Ẹ̀yin tó ń ka èyí ti mọ ibi tó ń lọ. Èmi ò mọ̀. Mo gbé ìwé náà jáde, mo tún bá a di ojú ewé mú kí fóònù rẹ̀ lè yà á dáadáa. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣe ojúṣe ọ̀rẹ́. Ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yà.

"Ìgbà wo ni?" mo bi í.

"Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù keje. Ẹnu yín o, Ìyá Yúsúfù!"

Ẹnu mi ni mo pa mọ́, n kò pa ojú mi mọ́. Nígbàkigbà tí Lúlúwà bá sọ pé ilé ti sú òun, ẹ̀rín á máa pa mí. Lọ́jọ́ kan tí a jọ wà ní ọjà, a kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ òtútù fún àwọn tó ń lọ sí òkèèrè. Mo ní, "Ra súwẹ́tà kan fún Gálà."

"Súwẹ́tà? Nínú ooru yìí? Ẹ fẹ́ fi ọmọ mi se ọbẹ̀ ni?"

"Ṣáà rà á. A kì í mọ̀."

Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ là, bí ilẹ̀ ṣe máa ń mọ́. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó wọlé, ó yan súwẹ́tà pupa kan tó ní bọ́tìnnì mẹ́ta, ó gbé e mọ́ àyà dé ìdí ọkọ̀. Ẹ wò ó, gbogbo ohun tí Dàlálì ṣe, Dàlálì ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ìrètí yẹn, èmi ni mo fi sí i lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù keje dé. Kò sẹ́ni tó wá gbé Lúlúwà. Ó ń pè mí lójoojúmọ́, kì í sọ ohun tó ń retí, á kàn ní kò sí nǹkan, òun ní kí òun kí mi ni. Ní ọjọ́ kẹta, mo pe Dàlálì. Fóònù náà ń dún bí fóònù ẹni tó wà ní òkèèrè ṣe máa ń dún. Kò gbé e. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí n má parọ́ fún yín, mo mọ̀. Mo ní bóyá wọ́n sún un síwájú ni, mo ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo sì pa ẹnu mọ́, nítorí ojú ń tì mí láti sọ pé ọwọ́ mi ni wọ́n ti gba ìwé.

Nínú àṣà wa, ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé gbọ́dọ̀ mú sógà wá fún ẹni tó fi sílẹ̀ nílé. Ẹ̀bùn ni, ì báà ṣe àpótí adùn kan. Bí ọ̀rẹ́ bá ni, ọwọ́ ara rẹ lo máa fi gbé e dé ilé rẹ̀, wàá jókòó, wàá mu tíì, wàá ròyìn. Èyí tí a bá fi rán awakọ̀, ti ẹni tí a kàn jọ ń kíra ni, àfi bí arúgbó bá ni ẹni tó fi ránṣẹ́. Èèyàn lè jalè kó bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó ti ìlú òkèèrè dé láìmú sógà fún ọmọ ìyá rẹ̀, ojú kì í gbà á. Ibẹ̀ ni àṣírí wọn ti tú. Dàlálì àti Àǹfálì ti gbọ́n ohun gbogbo tán, wọn ò rántí pé Màámá wà láàárín wọn, àti pé Màámá kò lè fi àṣà sílẹ̀.

Ní ìparí oṣù keje, Lúlúwà pè mí lọ́sàn-án Ọjọ́rú. "Ẹ wá," ni gbogbo ohun tó sọ.

Mo bá a lórí ilẹ̀ pálọ̀. Báàgì kan wà níwájú rẹ̀ tí awakọ̀ ìyá rẹ̀ gbé wá: àpótí adùn kan, ìkòkò kọfí bàbà kan, àti ẹṣin onígi kékeré. Lábẹ́ ìkòkò náà, wọ́n fín "Sàràyéfò" sí i. Gálà ti mú ẹṣin náà, ó ń fi imú ẹṣin ra ojú ara rẹ̀.

N kò tí ì jókòó tí fóònù fi dún. Màámá ni. Lúlúwà jẹ́ kí n gbọ́.

"Ọmọ mi, ṣé ó ti dé ọwọ́ rẹ? Ẹṣin yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi yàn án. Ibà ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ti lọ?"

"Ibà wo, Màámá?"

"Ibà tí kò jẹ́ kí ẹ bá wa lọ ni. Dàlálì ní o ní ká má pè ọ́, pé bí o bá gbọ́ ohùn wa níbẹ̀, ẹkún ni wàá máa sun. Mi ò pè ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mi ò dárúkọ rẹ. Ẹ bá mà wá ni o! Ibi yẹn, àfi bí ẹni pé Gálà ni wọ́n dá a fún."

Mo ń retí kí Lúlúwà bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ó ti lọ, Màámá. Ara rẹ̀ ti yá. Ẹ ṣé, ẹṣin náà dára púpọ̀." Ó sì pa fóònù. Màámá ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, Lúlúwà kò fẹ́ ba oorun rẹ̀ jẹ́.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú Dàlálì. Mo bú u láti orí dé ẹsẹ̀, mo bú òróró ìpara tó gbé wá fún mi. Lúlúwà gbé ojú sókè.

"Òróró ìpara wo? Ìgbà wo ni Dàlálì wá sílé yín?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un nìyẹn. Mo sọ ti ìyàlẹ́nu, mo sọ ti ojú ewé mẹ́rin, mo sọ ti fóònù tó dún ní òkèèrè. Ó fetí sí i títí ó fi parí.

"Súwẹ́tà yẹn," ó ní. "Nítorí ẹ ti mọ̀ ni ẹ ṣe ní kí n rà á?"

"Mo rò pé mo mọ̀ ni. Wọ́láì, Lúlúwà, wọ́n tan èmi náà jẹ ni."

"Fóònù tó dún ní òkèèrè ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà tàn yín jẹ ni?"

Ó dìde, ó lọ wẹ ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé wọn lọ sílé Màámá, mo bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà. Oúnjẹ ti wà lórí ẹní, ìrẹsì pupa àti ẹja, gbogbo wọn sì ti jókòó yí i ká. Lúlúwà fẹnu ko orí ìyá rẹ̀, ó jókòó. Dàlálì ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ó ń kó ẹja sí àwo àbúrò rẹ̀, ó ní ó ti rù, ó ní kí ló dé tí kò jẹun. Àǹfálì kò gbé ojú sókè. Wọ́n ti mọ̀ pé Màámá ti fi sógà ránṣẹ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ohun tí Lúlúwà máa ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Lúlúwà ní, pẹ̀lẹ́, "ajá yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?"

"Ajá wo?"

"Ajá ilé kejì. Arúgbó. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé kẹta."

Dàlálì nawọ́ mú ife omi. Màámá ń wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Lúlúwà, báwo lo ṣe mọ ajá tó wà níbi tí o ò dé?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, Ṣọ́úkù dáhùn. Ọmọ Dàlálì ni, ọmọ ọdún méje, òun ni ẹnu rẹ̀ mú jù nínú wọn. "Ajá náà ti kú, Àǹtí Lúlúwà. Ṣùgbọ́n ẹṣin pọ̀ gan-an! Mo ní kí á mú Gálà lọ nítorí ẹṣin. Mọ́mì ní rárá, ó ní Gálà máa ba gbogbo ọjọ́ wa jẹ́."

Màámá gbé ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ.

"Kì í ṣe ibà?" Màámá ní. Ó yíjú sí àkọ́bí rẹ̀. "Dàlálì, ìwọ ni mò ń bi. Ṣé kì í ṣe ibà?"

Dàlálì ju ṣíbí sílẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́wàá! Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mo fẹ́! Ṣé ọ̀ràn ni kí àwọn ọmọ tèmi jẹun láìjẹ́ pé gbogbo ilé oúnjẹ ń wò wá? Lọ́dọọdún, Gálà ò fẹ́ ibí, Gálà ò fẹ́ ọ̀hún. Ta ló ń béèrè ohun tí àwọn ọmọ mi fẹ́? Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún ọ ni mo ṣe parọ́. Mi ò fẹ́ kí o sunkún."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bá sọ ọ́," Lúlúwà ní. "Mi ò bá sunkún, kó sì tán. Àwọn ọmọ yín ni, ẹ lè kó wọn lọ síbi tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ìwé mi lẹ mú. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn, ọmọ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Koríko yẹn, géètì yẹn, ajá yẹn. Ìlú tí mo fi Gálà wọ̀n lẹ lọ sùn sí, Gálà lẹ sì fi sílẹ̀."

Àǹfálì ń sunkún. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí, mo ní kí á sọ fún yín, wọ́láì mo ní bẹ́ẹ̀." Lúlúwà kò wò ó. Ó mú súwẹ́tà pupa náà jáde nínú báàgì rẹ̀, bébà ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo Dàlálì. "Mi ò rin ìrìn àjò kankan, mi ò ní sógà fún yín. Ẹ fún ẹni tó bá bá mu nínú àwọn ọmọ yín. Nígbà tó máa fi dọdún tó ń bọ̀, kò ní gba Gálà mọ́."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ní ìdí ògiri, Gálà ń rin ẹṣin onígi rẹ̀ lórí etí ẹní. Ṣọ́úkù dìde nídìí oúnjẹ, ó lọ jókòó síbẹ̀, kò sún mọ́ ọn jù, kò fọwọ́ kàn án. Ó fi ìka méjì ṣe ẹsẹ̀ ẹṣin, ó ń rin tirẹ̀ náà lọ lórí ẹní.

"Ẹṣin," Gálà ní.

"Ẹṣin ni," Ṣọ́úkù ní.

Lúlúwà rí i, Màámá náà rí i. Màámá ní, "Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí, èmi àti Lúlúwà àti Gálà la jọ ń lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣọ́úkù ń bá wa lọ. Kí ẹni tó fẹ́ sọ pé rárá dìde kó sọ ọ́ lójú mi." Dàlálì kò dìde.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀, mo bẹ Lúlúwà. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní ó ti tán, Ìyá Yúsúfù, ohùn kan náà tó fi sọ fún ìyá rẹ̀ pé ibà ti lọ. Ó ní kí n bá òun mú ìwé òun wá bí mo bá ráàyè. Mo mú un wá lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, bí oṣù karùn-ún bá dé, mo gbọ́ pé kì í gbé ìwé náà wá sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìlú, á ní òun ò mọ̀.

Wọ́n lọ lóòótọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e: Màámá, Lúlúwà, Gálà àti Ṣọ́úkù. Èmi ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, ọdún kan gbáko, n kò sì ní ibi kankan tí mò ń lọ. Mò ń gbọ́ ìròyìn wọn lẹ́nu ẹlòmíràn. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti dé, mo gbálẹ̀ pálọ̀, mo sè tíì láàárọ̀, mo gbé ife méjì jáde. Mo tún un sè lọ́sàn-án.

Nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, awakọ̀ ni. Ó gbé àpótí adùn kan lé mi lọ́wọ́, èyí tí wọ́n wé dáadáa, tí wọ́n kọ Sàràyéfò sí.

"Ṣé kò ní kí o sọ nǹkan kan fún mi?" mo bi í.

"Ó ní kí n kí yín, Màmá. Ó ní ìlú náà dára fún ọmọdé."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbé ife kan padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.